Paul Robeson: Agbábọ́ọ̀lù tí ilé ìwé rẹ̀ ní kó jókòó nítorí àwọ̀ ara rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1916, ayẹyẹ ńlá wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Rutgers ní ìlú New Brunswick, ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ náà pé ọdún 150. Àwọn àlejò pàtàkì ti wọ̀lú, àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ti padà wá kí ilé ìwé wọn, wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù gbígbá sínú ètò ayẹyẹ náà. Ikọ̀ tó wá bá Rutgers gbá a ni ti Washington and Lee, ilé ẹ̀kọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Virginia, níhà gúúsù Amẹ́ríkà.

Àwọn ará Virginia ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí wọ́n tó bọ́ sórí pápá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ikọ̀ Rutgers, àwọn ò sì ní bá a gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá wọlé, àwọn ò wọlé.

Ọmọ ọdún 18 ni ọmọ náà. Paul Robeson lorúkọ rẹ̀. Kò ṣàìsàn, kò fẹsẹ̀ pa, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Rutgers gbà fún àlejò, wọ́n ní kí Robeson lọ jókòó. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà tán, ó di ọ̀mì, 13 sí 13.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin àgbà, orin lẹ mọ Robeson mọ́. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì wúwo, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n kó tó kọrin gba owó rárá, agbábọ́ọ̀lù ni, orí pápá bọ́ọ̀lù yẹn náà ni ohun tó bá a jà títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú.

Ẹ jẹ́ ká tètè là á yé ara wa o. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n máa ń gbé mọ́ àyà sáré tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ jù ú. Èèyàn 11 ló ń wà níhà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ àwọn tó kù ni láti gbé e ṣubú. Nígbà ayé Robeson, fìlà awọ lásán ni wọ́n ń dé sórí, kò sí irin tó dáàbò bo ojú. Ẹni kan náà ló ń gbèjà, òun náà ló ń kọlu ọ̀tá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rutgers gan-an sì ni orírun eré yìí láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, torí pé ibẹ̀ ni Rutgers ti bá Princeton gbá èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1869. Rutgers ló borí, 6 sí 4.

Ìlú Princeton yẹn náà ni wọ́n bí Paul sí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 1898. Bàbá rẹ̀, William Drew Robeson, ẹrú ni nígbà tí wọ́n bí i, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ó ń lọ sí bí ọmọ ọdún 15 nígbà tó sá kúrò lóko ẹrú, ó gba ìhà àríwá lọ, ó kàwé, ó sì di pásítọ̀. Ní ọdún 1901 ni àwọn òyìnbó tó wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì wọn yọ ọ́ nípò ní Princeton. Bàbá tó ti ń wàásù lórí àga ìwàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún wá di ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó eérú kiri ilé onílé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, iná ààrò mú ìyá Paul láṣọ, obìnrin náà sì kú. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Bàbá yìí ló dá tọ́ ọ, ó tún padà rí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ṣe pásítọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá.

Yunifásítì Princeton tó wà nílùú tí wọ́n bí i sí kì í gba aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Rutgers ní tiẹ̀ máa ń gbà, àmọ́ ẹyọ-ẹyọ ni. Ìdánwò kan wà tí ìpínlẹ̀ New Jersey máa ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Paul kò tètè gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe apá kan lọ́dún tó ṣáájú, òun ní láti ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbégbá orókè. Nígbà tó wọ Rutgers ní ọdún 1915, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ọgbà.

Ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sí kílò 95, gíga rẹ̀ sì lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ta ni kò ní fẹ́ irú ẹ̀ nínú ikọ̀? Àwọn ọmọ ikọ̀ Rutgers ni kò fẹ́.

Robeson fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lọ fún ìgbìdánwò, àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ jẹ́ ọmọ ikọ̀ kan náà sì dìídì dojú kọ ọ́. Wọ́n fọ́ imú rẹ̀, wọ́n ṣe é léjìká. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wà lórí ibùsùn. Ó ti ń rò ó pé kóun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, bóyá kóun tilẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ní yunifásítì mìíràn wá kí i níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní bó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ, àmọ́ kò ní dùn mọ́ òun, kò sì ní dùn mọ́ bàbá àwọn, pé ẹni tó ń sá wà nínú ìdílé àwọn. Bàbá wọn náà ti máa ń sọ fún un pé kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan ló fi wà ní Rutgers, pé àwọn ọmọ dúdú mìíràn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, tó fẹ́ kàwé, wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ni Paul bá padà sórí pápá. Níjọ́ tó padà yẹn, ó gbé ẹnì kan ṣubú, òun náà wà nílẹ̀, ó fọwọ́ tẹlẹ̀. Ọmọkùnrin kan rọra rìn wá, ó fi eyín abẹ́ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára. Egungun ọwọ́ kò fọ́, ṣùgbọ́n èékánná ká kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Robeson ní ìgbà yẹn ni ojú òun ṣú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn tó bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbá dànù, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ó sì gbé onítọ̀hún sókè orí pátápátá, ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Foster Sanford, ló figbe ta pé Robeson ti wọ ikọ̀. Báyìí ni ọmọ tó kù díẹ̀ kó là mọ́lẹ̀ ṣe rí ara rẹ̀ gbà.

Sanford yìí, Yale ló ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Èèyàn líle ni. Nígbà tó sì ti gba ọmọ náà tán, ó gbà á ni, ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ipò tí wọ́n ń pè ní end ló fi í sí, ìyẹn ẹni tó ń dúró ní ìkángun ìlà. Bí Rutgers bá ní bọ́ọ̀lù, òun ni yóò sáré lọ gba bọ́ọ̀lù níwájú. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tá, òun ló di ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ pápá.

Sanford yìí náà ló wà níbẹ̀ o, lọ́jọ́ tí Washington and Lee wá. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Kì í ṣe pé Rutgers kò mọ ohun tí wọ́n ní. Ìlú kún, àlejò kún, wọn ò fẹ́ kí ayẹyẹ bàjẹ́, ẹni tí kò ní alágbàwí ni wọ́n fi tún un ṣe.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ kan náà tún délẹ̀. Ikọ̀ West Virginia ń bọ̀ wá bá Rutgers gbá, àwọn náà ní kí wọ́n yọ ọmọ dúdú kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, Sanford kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Robeson máa wọlé. Robeson wọlé, kò sì sí ẹni tó padà sílé láìgbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀mì ni wọ́n gbá. Ṣé ẹ wá rí i pé ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá náà nìyẹn? Èmi ò tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn.

Sáà ọdún 1917 wá dé, ìyẹn sì ni sáà tí àwọn tó mọ ìtàn bọ́ọ̀lù Rutgers kò lè gbàgbé. Amẹ́ríkà ti wọ Ogun Àgbáyé Kìíní nínú oṣù Kẹrin ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ti wọṣẹ́ ológun, àwọn bárékè àti ọgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi náà sì ti dá ikọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Rutgers bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ursinus, 25 sí òdo. Lẹ́yìn náà, wọ́n na àwọn ọmọ ogun Fort Wadsworth ní 90 sí òdo. Bẹ́ẹ̀ ni, 90. Ìyẹn kì í ṣe àṣìtẹ̀ o, ẹ má pe ilé iṣẹ́ wa.

Syracuse nìkan ló rí wọn nà nínú gbogbo sáà náà, 14 sí 10. Rutgers padà na Lafayette ní 33 sí 7, wọ́n na Fordham 28 sí òdo, wọ́n gbá ọ̀mì 7 sí 7 pẹ̀lú West Virginia, wọ́n na Springfield 61 sí òdo, wọ́n na àwọn ọmọ ogun League Island 27 sí òdo. Bí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó kẹ́yìn, àmì 295 ni Rutgers gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, 28 péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá ni, ní pápá Ebbets Field ní Brooklyn, níbi tí wọ́n ti máa ń gbá beisibọ́ọ̀lù. Ẹni tí Rutgers fẹ́ bá gbá ni ikọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi láti Newport. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Kì í ṣe sójà lásán ni wọ́n, àwọn ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù tí ogun kó jọ láti àwọn yunifásítì ńlá ni. Charley Barrett tó fakọ yọ ní Cornell wà níbẹ̀, Cupid Black tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ Yale wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé bọ́ọ̀lù ti sọ pé ọmọ ilé ìwé kékeré bíi Rutgers kò lè rí wọn gbé ṣe. Rutgers na wọ́n ní 14 sí òdo. Robeson wà níbi gbogbo lọ́jọ́ náà. Ibi tí Barrett bá gbà, ibẹ̀ ni yóò ti bá Robeson. Nínú ìwé ìròyìn New York, orúkọ ọmọ pásítọ̀ náà ló gba iwájú.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni Walter Camp, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Camp ló máa ń yan àwọn ọmọ mọ́kànlá tó dára jù lọ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè náà lọ́dọọdún, àkójọ tí wọ́n ń pè ní All-America. Ó fi Robeson sí ti ọdún 1918, ó sì yìn ín gidigidi. Ẹ rántí All-America yìí, a máa padà sí i.

Sáà ọdún 1918 fúnra rẹ̀ kò dùn tó ti 1917. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Great Lakes na Rutgers ní 54 sí 14 ní Brooklyn. Bàbá Paul pẹ̀lú ti kú nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, kó tó rí ọmọ rẹ̀ kó jáde.

Ní ti ìwé, kò sẹ́yìn rárá. Wọ́n mú un wọ Phi Beta Kappa, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù lọ. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù, ó tún ṣojú ilé ìwé rẹ̀ nínú beisibọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù sínú apẹ̀rẹ̀ àti eré orí pápá. Ó ń bá àwọn akọrin ilé ìwé kọrin náà, àmọ́ bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, wọn kì í mú un lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní ọdún 1919, òun ló dúró sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1919 yẹn náà ni ẹnì kan rántí ọjọ́ ayẹyẹ. James Carr, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Rutgers lọ́dún 1892, ti di lọ́yà nílùú New York. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, William Demarest. Ó sọ fún un pé ìwà àìtọ́ ni wọ́n hù sí ọmọ tó kàwé dáadáa, tó níwà, tó wà lára àwọn eléré ìdárayá tó dára jù lọ tí ilé ìwé náà ti ní rí, tí wọ́n wá lé kúrò lórí pápá nítorí àwọ̀ tí kò bá ti àlejò mu. Carr béèrè bóyá ọ̀gá àgbà lè mọ ohun tí yóò wà lọ́kàn ọmọ náà bó bá ń rántí ohun tí ilé ìwé rẹ̀ ṣe fún un lọ́jọ́ iwájú. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù nínú ìtàn yìí, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n, mi ò ní fa á gùn. Robeson kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Columbia, ó ń gba owó níbi bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ Akron àti ti Milwaukee kó lè fi sanwó ilé ìwé. Ó gboyè ní ọdún 1923. Ó wọ ọ́fíìsì lọ́yà, akọ̀wé òyìnbó kan níbẹ̀ kọ̀ láti kọ ohun tó ní kó kọ, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tíátà àti orin ló gbé e dé òkè. Ó ṣe Othello ní London lọ́dún 1930, ó tún ṣe é ní Broadway lọ́dún 1943, ìgbà 296 ni wọ́n sì ṣe é níbẹ̀.

London yẹn ló ti pàdé àwọn tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta kó jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, fi Robeson ṣe ọ̀kan lára àwọn bàbá ìsàlẹ̀ wọn láàárín àwọn ọdún 1930. Ó ń kọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ní yunifásítì níbẹ̀. Ó wá kópa nínú fíìmù kan lọ́dún 1935, Sanders of the River, tí wọ́n ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ìyìn àwọn òyìnbó amúnisìn ló kún inú rẹ̀. Inú bí Robeson, ó sì sọ ọ́ sí gbangba pé òun kò fara mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà ni kò ti dákẹ́ mọ́. Ó ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́, ó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń yin ìjọba Soviet, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá kò bá a gbà, bí ohun tí Stalin ń ṣe fáwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń jáde sí. Níbẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti mú un. Ní ọdún 1950, wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Nígbà tó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ọ̀kan lára àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbèjà òmìnira àwọn èèyàn Áfíríkà. Ọdún mẹ́jọ ni kò fi lè jáde lọ kọrin nílẹ̀ òkèèrè, gbọ̀ngàn orin sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nílé.

All-America tí mo ní kí ẹ rántí nìyí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 yẹn, ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà tó to orúkọ àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù láti ọdún dé ọdún. Mọ́kànlá-mọ́kànlá ni wọ́n tò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ọdún 1918, mẹ́wàá ni wọ́n kọ. Ipò Robeson ṣófo. Àwa tí a ń ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́, bí a bá fo ẹnì kan péré, kí a tó ka ìròyìn tán ni fóònù yóò ti máa dún. Ìwé yẹn kò fo Robeson o. Wọ́n yọ ọ́ ni.

Ọdún 1958 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ kan tó mú kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Ó tún kọrin ní ilẹ̀ òkèèrè fúngbà díẹ̀, àìsàn sì bá a fínra lẹ́yìn náà. Nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Philadelphia ló lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní ọdún 1976, ní ẹni ọdún 77. Harlem ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un.

Ní ọdún 1995, ọdún 19 lẹ́yìn tó kú, wọ́n gbà á wọ ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ṣí àkójọ ọdún 1918 lónìí, orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Èsì Washington and Lee kò yí padà, 13 sí 13 náà ni.